Iná Kékeré Tó Tàn Níwájú Dẹ́rẹ́bà: Ẹ Má Jẹ́ Kó Jẹ Owó Ọjà Wa

 

Ẹni tó bá ń kó tòmátì wá láti Òkè Ọya mọ̀ pé ẹrù tó bá sùn sójú ọ̀nà, omi ló ń dà. Ojú mi rí i. Ọkọ̀ dísù ni mo háyà lọ́jọ́ náà. Láti Mókwà ni iná yẹ́lò kan ti ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà. Mo ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Màmá, ẹ má dà á láàmú, ó ti pẹ́ tó ti ń tàn." Kí a tó dé Jẹ́bà, ọkọ̀ ò fà mọ́. Bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, bí ìgbín ló ń lọ. Nígbà tó yá, ó kú pátápátá.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní nọ́sù ló bàjẹ́, ká ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A rà á, kò yí padà. Ọjọ́ kejì ni ẹlòmíràn tó dé, tó tú ìdí fílítà dísù. Omi ló ń ṣàn jáde! Ó da omi nù, ó pààrọ̀ fílítà, ó yọ atẹ́gùn inú páìpù, ọkọ̀ sítáátì. Ṣùgbọ́n ìdajì apẹ̀rẹ̀ mi ti di ìdànù. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná gan-an, dísù tí nọ́sù bá fọ́n sínú ooru náà á sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ló ń jẹ: afẹ́fẹ́ tó pọ̀ àti dísù tó mọ́. Bí ọ̀kan bá dín, agbára á dín.

KÍ NI INÁ YẸN Ń SỌ?

Pupa ní kí ẹ dúró. Yẹ́lò ní kí ẹ rọra, kí ẹ sì tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ike ọ́ìlì tó ń kán, tó pupa: ọ́ìlì kò lọ káàkiri ẹ́ńjìnnì dáadáa. Kí dẹ́rẹ́bà dúró, kó pa á lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Bátìrì, tó pupa: ó lè jẹ́ fáánbẹ́ẹ̀tì ló já. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí rẹdiétọ̀ tó gbóná o!

Wáyà tó ká bíi sípíríìnì, tó yẹ́lò: ẹ́ńjìnnì ń gbóná sílẹ̀ ni. Kó kú kí dẹ́rẹ́bà tó sítáátì.

Fílítà tí omi ń kán lábẹ́ rẹ̀: omi ti wọ dísù. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Èyí ni iná tèmi.

Àwòrán ẹ́ńjìnnì, tó yẹ́lò: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti rí àléébù. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dín agbára kù, kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá kà, ọ̀nà ibi tí wọ́n máa wò ló fi hàn. Kì í ṣe ohun tí a ó kàn sáré lọ rà.

Ẹ WO ÈÉFÍN

Èéfín dúdú: dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fílítà afẹ́fẹ́ lè ti kún fún eruku ọyẹ́, tàbí kí rọ́bà tọ́bò ti ya. Èéfín aláwọ̀ búlúù: ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró: dísù ni kò jó tán, tàbí omi rẹdiétọ̀ ti ń wọnú ẹ́ńjìnnì.

Bí ọkọ̀ ò bá fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó kékeré: fílítà afẹ́fẹ́, fílítà dísù, omi inú rẹ̀, rọ́bà tọ́bò, páìpù tó ń fa atẹ́gùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ wá dé orí nọ́sù àti pọ́ǹpù. Mẹkáníìkì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ bi í ní ohun tó rí.

KÍ Ẹ TÓ DI ẸRÙ

Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, kó má tíì sítáátì. Iná ọ́ìlì àti ti bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Bó bá sítáátì, kí wọ́n kú. Èyí tó bá kọ̀ tí kò kú, àìsàn wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ béèrè: àwọn kan máa ń yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹnu ó lè pa mọ́.

Bó bá ní ó ti pẹ́ tó ti ń tàn, ẹ má di apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Owó ọkọ̀ kọ́ ló máa jóná, owó tiyín ni.

Ọjà á tà o. A ò ní kó ẹrù sọ́nà òfò.