Kí Ẹ Tó Gbé Ọkọ̀ Tí Omi Wọ̀ Jáde: Bí A Ṣe Ń Yẹ Bíréèkì Wò Nílé

Ẹ̀yin ìdílé wa tí omíyalé lé kúrò nílé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin àti agbègbè rẹ̀, bí omi ti ń fà, ọ̀pọ̀ yín ló ń padà lọ wo ilé, ọkọ̀ sì wà lára ohun tí ẹ kọ́kọ́ ń wò. Òun ló máa kó ẹrù, òun ló ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, òun sì ni àwọn mìíràn fi ń ṣe kabúkabú jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú nínú ìwé yìí: pé ọkọ̀ dáhùn nígbà tí ẹ ṣáná sí i kò ní kó dúró nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Kí ni omi ń ṣe fún bíréèkì?

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra, kódà láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 140. Ọ́ìlì tó bá hó á di oruku afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ kò ní dúró. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrẹ̀ máa ń há sáàárín páàdì àti dísìkì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ní dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ṣúù lè dípẹtà kó sì lẹ̀ mọ́ dírọ́ọ̀mù.

Kí ẹ tó ṣáná

Tí omi bá dé ẹ́ńjìnnì tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má ṣáná rárá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wò ó. Ẹ lè ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí fúnra yín lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú:

1. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ọ́ìlì wà láàárín MIN àti MAX, kó sì mọ́ bí oyin tí kò nípọn. Tó bá funfun bíi mílíìkì tàbí tó dúdú, ó ti bàjẹ́.
2. Ẹ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ilẹ̀ abẹ́ wọn. Omi á gbẹ. Ọ́ìlì bíréèkì á máa yọ̀ lọ́wọ́, kò sì ní tètè gbẹ. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.
3. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ ti ọkọ̀ díẹ̀. Kí ẹnì kan mú òkúta dání láti fi dí táyà. Tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti yí, bíréèkì kan ti há. Ẹ má fi agbára ẹ́ńjìnnì wọ́ ọ.

Ohun tí pẹ́dàlì ń sọ

Kí ẹ tó ṣáná, ẹ tẹ pẹ́dàlì bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣáná. Ó yẹ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá rọlẹ̀ rárá, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì kò ṣiṣẹ́.

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Tó bá rọ̀ bíi kànìnkànìn, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà nínú páìpù. Nínú gbogbo èyí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dára

Ẹ wà á nínú ọgbà, níbi tí kò sí ọmọdé, kó má yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ tẹ bíréèkì ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tó bá ń han, páàdì lè ti tán. Tó bá ń dún bí irin tó ń ha irin, ẹ dúró. Tó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìhà kejì lè má mú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ríìmù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju àwọn tó kù lọ ni bíréèkì rẹ̀ há.

Owó àti ohun èlò

Ẹ pe mẹkáníìkì wá síbi tí ọkọ̀ wà. Ẹ má wà á lọ bá a. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ fún un, kó má bàa máa tú gbogbo ọkọ̀ kiri lórí owó yín. Ọ́ìlì bíréèkì ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ti páàdì. Inú ike tí a kò tíì ṣí ni kó ti wá, kí wọ́n sì fa ti àtijọ́ dànù pátápátá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí i. Yóò ba rọ́bà tàbí irin inú rẹ̀ jẹ́.

A mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò fẹ́ kó jókòó fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí, pẹ̀lú tírélà àti dáńfó, kì í ṣe ibi tí a ti ń dán bíréèkì wò. Bí owó kò bá tíì tó, ẹ wọ kóròpé. Ẹrù lè dúró di ọ̀la. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ wa tó ń kọ orúkọ ní ibùdó, kí a lè kọ ọkọ̀ náà mọ́ ohun tí omi bà jẹ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767.