Dókítà Ará Tabriz Tí Ó Rí Oúnjẹ Ọpọlọ



Bí ìyá arúgbó kan l'ọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé owó tí ó gbà, tí ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ọmọ rẹ̀, a ó ní àjẹ́ ni. Bí wárápá bá gbé ọmọdé, a ó ní àlùjọ̀nnú ni. Èmi kò sọ pé kò sí àlùjọ̀nnú, nítorí Kùránì sọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọpọlọ a máa ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí ikùn ti ń ṣàìsàn, àti pé ọkùnrin kan tí a bí ní Tabriz, n'ílẹ̀ Ìránì, l'ọ́dún 1938, wà nínú àwọn tí ó jẹ́ kí a fi ojú rí i.

Abass Alavi ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Tehran kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti di olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Pennsylvania, ní Philadelphia. Níbẹ̀ ni òun pẹ̀lú Martin Reivich àti David Kuhl ti wá ọ̀nà láti rí iṣẹ́ ọpọlọ láì la orí ènìyàn. Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ tó ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Wọ̀bìà ni! Bí a bá so ohun tí ń tan ìtànṣán mọ́ ṣúgà, ẹ̀rọ yóò rí ibi tí ó wọlé sí. FDG ni wọ́n ń pe ṣúgà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò ni ìṣòro rẹ̀ yóò yé jù. Ní Brookhaven, ní Long Island, ni wọ́n ti ṣe é, ìtànṣán rẹ̀ a sì máa dín sí ìdajì ní ìṣẹ́jú 110. Ẹni tí ó bá gbé yìnyín láti Èkó lọ tà ní Ìbàdàn mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi gbé e dé Philadelphia. L'óṣù August 1976, Alavi fi abẹ́rẹ́ gún un fún ẹnì kan tí ara rẹ̀ le, tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. FDG kò tíì wọ ara ènìyàn rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, Alavi fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọpọlọ àwọn arúgbó wò. Nínú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, àwọn apá kan nínú ọpọlọ kì í jẹ ṣúgà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì máa ń hàn nínú àwòrán. L'ára ọ̀pọ̀ oníwárápá, ibi tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ a máa ṣókùnkùn nígbà tí kò gbé wọn. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ a máa tàn yòò, nítorí ó ń jẹ ṣúgà púpọ̀.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí a máa wá ìwòsàn. Ẹ ṣe àdúà, ẹ má sì fi hàǹtú dí ọ̀nà dókítà. Òótọ́ ni pé owó ẹ̀rọ yìí pọ̀, ibi tí a ti ń ṣe ṣúgà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníwárápá kò nílò rẹ̀ kí a tó tọ́jú wọn: oògùn oníhóró tí a ń lò l'ójoojúmọ́, tí kò wọ́n, lè dá a dúró fún bí 70 nínú 100 wọn.