Òkúta Tí Abẹ́rẹ́ Ń Dá Sílẹ̀ Lára Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni.

Ní táàmù tó kọjá, táífọ́ọ̀dù dá àbúrò mi dùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n gbà á sí ọsibítù, abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ ceftriaxone ni wọ́n sì ń gún un lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ ti ń tutù. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, tó sì ń bì. Wọ́n ṣe síkáànù fún un, wọ́n ní àwọn rí òkúta nínú àpò òróòro rẹ̀. Màmá mi bú sẹ́kún. Ìyá ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ká gbé e lọ sílé, pé àgbo ló máa fọ̀ ọ́ jáde. Dókítà ló ní kí gbogbo wa fara balẹ̀. Ohun tó ṣàlàyé fún wa, àtohun tí mo kà lẹ́yìn ìgbà náà, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Oògùn apakòkòrò ni ceftriaxone. Ó ń ja òtútù àyà, àrùn yírunyírun àti táífọ́ọ̀dù, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là. Oògùn gidi ni o.

Báwo ló ṣe wá ń di òkúta? Ọ̀nà méjì ló ń gbà jáde lára. Apá kan ń gba inú kíndìnrín bá ìtọ̀ jáde. Apá kejì ń gba inú ẹ̀dọ̀ bá òróòro lọ, ó sì ń dúró nínú àpò òróòro. Calcium, èyí tó wà nínú eyín àti egungun wa, wà nínú òróòro àti nínú ìtọ̀ náà. Bí oògùn yìí bá pọ̀ níbẹ̀, òun àti calcium á so pọ̀, wọn ò ní yọ́ mọ́. Ṣé ẹ rí i, bí a bá da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi díẹ̀, èyí tí kò lè yọ́ á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín, ẹ̀gbẹ́ lè máa dun ọmọ, ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìtọ̀, tàbí kí ìtọ̀ má wá mọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n òkúta yìí kì í sábà pẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, bí wọ́n bá ti dá oògùn náà dúró, á yọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà lára àwọn.

Ó máa ń tètè ṣe ọmọ tí oògùn rẹ̀ pọ̀, tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, tí kì í mu omi, tí kò sì jẹun. Ibí yìí ló ti dùn mí. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í bí mo bá ti ilé-ìwé dé. Bó bá ti ní òun ò mu omi, mo máa ń fi í sílẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé omi náà wà lára ìtọ́jú.

Ti ọmọ tuntun tí kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fa omi tó ní calcium sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, wọn ò gbọ́dọ̀ gún un ní ceftriaxone, torí méjèèjì lè so pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín rẹ̀, kó sì pa á.

Nítorí náà:
1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ra abẹ́rẹ́ yìí ní kẹ́mísìtì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.
2. Ẹ rọ ọmọ kó máa mu omi bí dókítà bá ṣe gbà á láyè.
3. Bí inú bá ń dùn ún, tó ń bì, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tí kò tọ̀, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.
4. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Àrùn tí a ò wò tán lè pa ọmọ kí òkúta tó ṣe é ní nǹkan kan. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn, bó ṣe ṣe fún àbúrò mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n tún síkáànù ṣe. Kò sí òkúta kankan mọ́. Kò mu àgbo, wọn ò sì fi ọ̀bẹ kàn án. Ní báyìí, bó bá ti bọ́ọ̀lù dé, èmi fúnra mi ni mo ń bu omi fún un, mi ò sì ní kúrò níwájú rẹ̀ títí á fi mu ún tán.