Eré tẹlifíṣàn: Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ mọ ẹni tó máa sanwó

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fíìmù ló gbà pé tí eré bá ti dára, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn á rà á. Wọ́n á kó owó àjọ, wọ́n á yá lára owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á ya apá mẹ́tàlá, wọ́n á wá gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ iye tí àwọn fúnra wọn máa san kí eré náà tó lè jáde.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ lù wọ́n ní jìbìtì o. Bí ọjà náà ṣe rí nìyẹn. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí à ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ra eré, àkókò ni wọ́n ń tà. Àwọn oníṣẹ́ ń pe àkókò yìí ní airtime. Ẹni tó bá fẹ́ dá gbé eré jáde, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ nìyí.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe dé ibí yìí?

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn lóṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń náwó sí i. Ilé iṣẹ́ ló ni kámẹ́rà, òun ló sì ń ké sí àwọn òṣèré wá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, gbà wọ inú ilé àwọn èèyàn. Lọ́dún 1977, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba pọ̀ sábẹ́ NTA.

Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, owó ìjọba kò tó ná mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì ní láti máa wá owó lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Nígbà tó di 1992, òfin tó dá àjọ NBC sílẹ̀ fàyè gba aládàáni láti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ wá pọ̀ sí i, àmọ́ owó tí wọ́n á fi ya eré kò bá wọn pọ̀. Ẹrù náà bọ́ sórí ẹni tó ń gbé eré jáde.

Òótọ́ ni pé ìlànà NBC ní kí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ ń gbé jáde jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí wọ́n sanwó fún un. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olóṣèré ẹlẹgbẹ́ yín nìkan lẹ jọ ń du àkókò náà. Ìjọ ń rà á, olóṣèlú ń rà á, àwọn tó ń ta àgbo náà ń rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà

Àpẹẹrẹ lásán la fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe iye owó ilé iṣẹ́ kankan. Ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ ₦200,000. Owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, á fi ₦15,000 lé e. Ká ní yíya apá kan ń ná yín ní ₦300,000. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ ti ná ₦515,000. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, ó di ₦6,695,000.

Níbo lowó yìí á ti padà wá? Nínú ìpolówó ọjà ni. Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ìpolówó, àyè mẹ́jọ tó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Kí owó yín lè pé, ẹ ní láti ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦64,375, kí gbogbo ẹ̀ sì tà. Tó bá jẹ́ mẹ́rin péré ló tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á di ₦128,750. Èrè ò tíì sí níbẹ̀ o.

Ibi tó ti ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò tún ju èyí lọ: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn máa ń fẹ́ gbowó kí eré tó jáde, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò ṣe ìpolówó kì í sábà sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí owó tó dé. Eré tí àwọn èèyàn ń wò dáadáa lè dúró lójijì láàárín ọ̀nà nítorí pé owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sí nílẹ̀. Ẹ tún rántí pé ìpolówó kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé àjọ ARCON ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà mìíràn wà

Ìkíní ni kí ẹ wá onígbọ̀wọ́ kí ẹ tó ra àkókò. Super Story tí Wálé Adénúgà gbé jáde láti ọdún 2001 jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀: Unilever ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí NTA.

Ìkejì ni kí ẹ bá ilé iṣẹ́ náà pín in. Ẹ̀yin á mú eré wá, àwọn á mú àkókò wá, ẹ ó sì jọ pín àyè ìpolówó. Ilé iṣẹ́ tó wà ládùúgbò yín lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ju ti Èkó lọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá ni eré náà.

Ìkẹta ni àwọn tó ń sanwó, bí Africa Magic Yorùbá lórí DStv àti GOtv. Wọ́n lè san owó kí wọ́n lè lo eré fún àkókò kan, wọ́n sì lè gbé iṣẹ́ fún yín látìbẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin ni YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá wà báyìí. Kẹ́ ẹ tó lè máa pín nínú owó ìpolówó tó ń jáde nínú fídíò gígùn, ẹ gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò yín láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni tiyín, YouTube á mú 45.

Ẹ má fi gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n ẹnì kan ṣoṣo. Oṣù Kìíní 2024 ni Amazon Prime Video kéde pé òun ò ní náwó sí eré tuntun mọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ti gbọ́kàn lé wọn nìkan ní láti tún èrò pa.

Ta ló ni eré náà?

Owó tó wọlé lónìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n èyí jù ú lọ. Tí ilé iṣẹ́ kan bá sanwó fún eré yín, ẹ béèrè bóyá ìlò ni wọ́n ń rà tàbí eré náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ta ìlò fún ọdún méjì, ọdún méjì ló parí, eré padà sọ́wọ́ yín, ẹ lè tún un tà. Tí ẹ bá ta á pátápátá, àwọn ọmọ yín ò ní rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù Kẹta 2023 sọ pé gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, bó ti wù kẹ́ ẹ mọra tó. Kí ẹ sì tó kéde eré náà pé tiyín ni, ẹ rí i pé ẹni tó kọ ìtàn àti ẹni tó kọ orin inú rẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú yín. Àìsí ìwé yìí ló ń mú kí àwọn tó fẹ́ ra eré sá padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe òṣèré kan ṣoṣo, ẹ jókòó kí ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: ta ló máa san owó ọ̀sẹ̀ kìíní? Tí owó ìpolówó bá pẹ́, kí la máa fi gbé ọ̀sẹ̀ kẹrin jáde? Lẹ́yìn ọdún méjì, ọwọ́ ta ni eré yìí máa wà? Tí ọ̀kan bá ṣì ṣófo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn ṣì wà níbi tó wà.