Ìyàwó Rẹ̀ Dà Nínú Fíìmù Náà?

Fíìmù ìtàn ìgbésí ayé àwọn eléré ìdárayá pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lóde òní. Ọkọ ni ó sábà máa ń yàn án ní alẹ́ Sátidé. Ìyàwó yóò sì jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí ó ń já tàbí ọmọ tí ó ń fún lọ́mú. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ti ọkùnrin ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Àwa gan-an ni ó yẹ kí a máa wò ó jù, nítorí ojú tí a fi ń wo ilé lè rí ohun tí ẹni tí ó ń ka iye bọ́ọ̀lù tí ó wọlé kò ní rí.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti àwọn ìyàwó ilé mẹ́rin jọ wo The Last Dance ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. Apá 10 ni fíìmù náà, ó sì jáde ní 2020. Ìtàn Michael Jordan ni, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹfà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Chicago Bulls. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń figa gbága sọ̀rọ̀, Bill Clinton àti Barack Obama pàápàá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀kan nínú wa béèrè pé, “Ìyàwó rẹ̀ dà?” Gbogbo wa dákẹ́. Ọkùnrin náà bí ọmọ mẹ́ta láàárín àwọn ọdún tí à ń wò yìí, síbẹ̀ a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìyá wọn títí fíìmù fi parí. Ní ti àwọn ọmọ, apá ìkẹyìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú fìrí. Ojúlówó ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹni tí ó béèrè; ó ní òun yóò ṣe bí Òṣómàáló, òun yóò lóṣòó síwájú ẹ̀rọ náà títí wọn yóò fi san gbèsè yẹn. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gbèsè ni lóòótọ́. Iléeṣẹ́ Jordan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe fíìmù náà, ẹni tí ó sì di ògùṣọ̀ mú ni ó ń yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò dé.

Ẹni tí ó bá ti ṣètò ilé mọ̀ pé ara tí ó ń fò bẹ́ẹ̀ kò dá fò. Ó níláti jẹun lákòókò, kí ó sì yó. Ó níláti sùn, nítorí náà ẹnì kan ni ó ń rẹ àwọn ọmọ lẹ́kún. Aṣọ tí ó kún fún òógùn gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bóyá ìyàwó ni ó ṣe é, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ń sanwó fún ni, iṣẹ́ ni, a kò sì fi í hàn.

Ìyá Jordan sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Màmá Deloris ka lẹ́tà kan tí ọmọ rẹ̀ kọ sí i láti yunifásítì nígbà tí owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó fi owó àti sítáǹpù ránṣẹ́. Nínú apá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí ibi tí ó wọ̀ mí lára tó ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ìwé pélébé náà fi wà nípamọ́.

Ohun kan náà ni mo rí nínú Simone Biles Rising tí ó jáde ní 2024. Bàbá àgbà Simone àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbà á tọ́, bí a ti ń ṣe láàárín tiwa. Ní Tokyo ní 2021, ara rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá fò sókè, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Fíìmù náà mú wa dé ibi tí ó kó àwọn ẹrù Tokyo pamọ́ sí nílé, tí ó ń sunkún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Jordan lọ. Ìyá wà níbẹ̀, ọkọ wà níbẹ̀, a sì mọ ilé tí ó padà sí kí ó tó lọ gba góòlù mẹ́ta ní Paris ní 2024.

Ní ti àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Òṣogbo ni a ti bí Ọlápàdé Adeniken ní 1969. Ní Barcelona ní August 1992, òun, Olúyẹmí Káyọ̀dé, Chidi Imoh àti Davidson Ezinwa sá eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí ẹnì kan ń gbé igi fún ẹnì kejì, wọ́n sì gba fàdákà fún Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni wọ́n fi sá a. Àwọn ará Cuba sá 38.00. Kí a tó ṣẹ́jú, ìyàtọ̀ náà ti kọjá. Káyọ̀dé kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994. Mo bi àwọn abiyamọ kan ní Òṣogbo léèrè: àwọn ọmọ wọn mọ Jordan, wọ́n tilẹ̀ mọ bàtà rẹ̀. Wọn kò mọ Adeniken.

Àwòrán kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n sì máa ń fi Rashidi Yẹkínì hàn wá: ní Dallas, ní 21 June 1994, nígbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, tí ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tí ó ń ké. Bọ́ọ̀lù 37 ni ó gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní 4 May 2012 ó kú ní ẹni ọdún 48, a sì sin ín sí Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé ó dá nìkan gbé ní Ìbàdàn ní ìgbẹ̀yìn. Ta ni ó ń se oúnjẹ fún un? Èyí ni ìbéèrè tí àwa obìnrin béèrè ní Ìsọ̀kùn, mo sì rò pé ó ṣe pàtàkì ju ti àwọ̀n lọ.

Ọ̀kan nínú wa ní ọmọbìnrin tí ó ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ó ní ara ọmọ yóò le bí ti ọkùnrin. Mo sọ ti Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fún un. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá Tóbi. Bàbá kò kọ́kọ́ fọwọ́ sí eré sísá, ìyá ni ó ń wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi lọ. Ní 24 July 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ọmọ náà sá mítà 100 tí a ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí títí di ọjọ́ náà. N kò sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé kí ó máa fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó mú ọkọ náà lọ sí pápá ní ọjọ́ ìdíje, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ó sì máa tọ́jú ohun gbogbo. Láti inú àpótí ìyá ni irú fíìmù yìí ti ń jáde. Ẹ má ṣe di ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò sínú ọ̀rá ní àsìkò òjò, nítorí ọ̀rinrin yóò há sínú rẹ̀. Àpòòwé lásán dára jù, nínú àpótí tí kò fara kan ògiri tàbí ilẹ̀ nítorí ikán. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù a máa ba fọ́tò jẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí a ti ya fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Yíǹkì a máa là kọjá sí ojú. Kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan, nítorí ó ń sọnù, ó sì ń bàjẹ́.

Bí ìyá tàbí ìyá ọkọ yín bá ṣì wà láàyè, tí ẹnì kan nínú ilé ti sáré tàbí gbá bọ́ọ̀lù rí, ẹ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fóònù tí ó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ẹ̀yẹ. Ẹ béèrè ohun tí a sè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹni tí ó fọ aṣọ, ẹni tí ó yá ẹnì kan lówó ọkọ̀, àti ẹni tí ó dúró ti àwọn àbúrò nílé.