Ṣé O Mọ̀ Pé Kábúrétọ̀ Katakata Ní Orúkọ Tirẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé o lè dúró ní Kwangila, ní Zaria, kí katakata mẹ́wàá kọjá lójú rẹ, kó má sì sí kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, lára ìkankan nínú wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni! Massey Ferguson pupa tí o ń rí nínú oko àgbàdo àti oko ọkà bàbà, dísù ló ń mu. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í lo kábúrétọ̀. Kì í lo púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní kí o bá òun wá kábúrétọ̀ katakata, má tíì fọwọ́ kan àpò. Wo ara ẹ́ńjìnnì ná. Ṣé wáyà púlọ́ọ̀gì ni o rí? Kábúrétọ̀ wà níbẹ̀. Ṣé páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ara páńpù jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ bá nọ́sùlù tirẹ̀? Dísù ni. Fowó rẹ sápò.

Ta ló wá ni kábúrétọ̀? Àwọn àgbà katakata ni! Àwọn tí ayé ń lò kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Mú Ferguson TE20. Ọdún 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1956 ni wọ́n ṣíwọ́. Mélòó ni wọ́n ṣe? Ó lé ní 517,000! Ọdún mẹ́wàá péré o. Àwọ̀ eérú ni wọ́n sì kùn wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń sọ ohun tí Ferguson yẹn ń mu? Ka pílétì ara rẹ̀. TE-A20, bẹntiróòlù. TE-D20, epo kan tó sún mọ́ kẹrosíìnì. TE-F20, dísù, má wulẹ̀ wá kábúrétọ̀ lọ síbẹ̀. TE-H20 ńkọ́? Epo àtùpà!

O kà á dáadáa. Kẹrosíìnì tí à ń rọ sínú fìtílà ló fi ń kọ ebè.

Ṣùgbọ́n kì í fi kẹrosíìnì jí láàárọ̀. Epo oríṣi méjì ló ń gbé kiri. Bẹntiróòlù díẹ̀ ni awakọ̀ á fi tan án. Tó bá gbóná dáadáa, á yí ẹnu táàpù sí kẹrosíìnì. Kó tó pa á lálẹ́, á tún yí i padà sí bẹntiróòlù, kí kẹrosíìnì má bàa sùn mọ́ inú kábúrétọ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn, àárọ̀ àti alẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn awakọ̀ ìgbà náà gan-an ni.

Orúkọ kábúrétọ̀ Ferguson yẹn? Zenith 24T-2. Zenith tí ò ń gbọ́ yìí, ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ló ti ṣẹ̀ wá. François Baverey ló gbé ọgbọ́n inú rẹ̀ kalẹ̀, ní 1906.

Gbọ́ èyí ná. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1958, Edmund Hillary gun Ferguson dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Katakata oko ni o! Lórí yìnyín! Hillary yìí náà wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ dé góńgó òkè Everest ní 1953.

Harry Ferguson tó ni katakata náà ńkọ́? Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọdún 1909, ó fò lófuurufú, nínú bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ó yá, jẹ́ ká sọdá sí Amẹ́ríkà. Ford 8N jáde ní 1947, wọ́n sì ṣe é títí di 1952. Òun náà ju 520,000 lọ. Kábúrétọ̀ Marvel-Schebler ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni TSX-241. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 9N ti ọdún 1939? TSX-33. Àbúrò rẹ̀, NAA ti ọdún 1953? TSX-428. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n sì jọra débi pé ojú lásán lè ṣì wọ́n mú. Nọ́ńbà ló ń yà wọ́n.

John Deere tún yàtọ̀. Tí o bá rí DLTX lára kábúrétọ̀, má jiyàn, ti John Deere àtijọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì àwọn katakata wọ̀nyẹn, sílíńdà méjì péré ló ní! Ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ náà tó kó tuntun oní-sílíńdà púpọ̀ jáde láti rọ́pò wọn.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rè é. Sún mọ́ mi.

Nọ́ńbà oríṣi méjì ló máa ń wà lára kábúrétọ̀ kan. Ọ̀kan yọ síta lára irin, ó tóbi, ó hàn gbangba. Ìkejì kéré, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú irin, tàbí kí ó wà lára báàjì idẹ pẹlẹbẹ kan. Èwo ni orúkọ rẹ̀?

Kékeré ni! Èyí tó yọ síta yẹn, ti ilé ìyọ́rin ni, nọ́ńbà abọ́ lásán. Abọ́ kan náà lè wà lára kábúrétọ̀ oríṣiríṣi. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà ńlá lọ sọ́jà lè gbé páàtì tí kò bá a mu bọ̀ wálé.

Báwo lo ṣe máa rí kékeré náà lábẹ́ gírísì ogójì ọdún? Rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù díẹ̀, níta gbangba, jìnnà sí iná. Nù ún. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha ìdọ̀tí tó kù. Fi ẹfun ra ojú irin náà, kí o wá fi ọwọ́ nu òkè rẹ̀. Ẹfun á kù sínú ihò nọ́ńbà. Tan iná fóònù rẹ láti ẹ̀gbẹ́. Wò ó, ó ti hàn!

Báàjì ti jábọ́? Má bọkàn jẹ́. Wọn ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Wọn àlàfo tó wà láàárín ihò bóòtù méjèèjì. Wo ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ ṣóòkù wà. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà katakata fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè nínú ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ katakata àtijọ́? Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé rẹ, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Ti katakata, òkè ló ń lọ! Tí epo bá kún jù, ilẹ̀ ló ń kán sí.

Afẹ́fẹ́ mélòó ni bẹntiróòlù lítà 1 nílò kó tó jóná tán? Di nǹkan mú. Nǹkan bí lítà 9,000! Àgbá onílítà 200, ìyẹn máa kún 45. Fún lítà epo kan! Inú ọ̀nà kan tí àtàǹpàkò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá.

Jẹ́ẹ̀tì tó ń wọn epo síbẹ̀ ńkọ́? Idẹ ni. Ihò rẹ̀ lè má tó mílímítà kan. Jọ̀ọ́, má ti wáyà bọ̀ ọ́. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Tí ihò yẹn bá fi díẹ̀ gbòòrò, katakata á máa jẹ epo, èéfín dúdú á máa rú.

Ọgbọ́n kábúrétọ̀ ti pẹ́ o. Ní 1893, Donát Bánki àti János Csonka gba ìwé àṣẹ lórí kábúrétọ̀ tiwọn ní Hungary. Wọ́n ń sọ pé ibi tí olódòdó kan ti ń fẹ́ omi sára òdòdó ni ọgbọ́n náà ti wá. Wilhelm Maybach náà ń ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì, lásìkò kan náà!

Padà wá sí Zaria. Láti Kwangila, Samaru kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Ahmadu Bello wà, láti 1962, pẹ̀lú ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé irúgbìn wọn náà ní nọ́ńbà bíi kábúrétọ̀? SAMMAZ, àgbàdo. SAMNUT, ẹ̀pà. SAMPEA, ẹ̀wà. SAM yẹn, Samaru ni! SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí kòkòrò kan báyìí kò lè jẹ, jáde ní 2019.

Tí katakata àgbà kan bá wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ, má tíì pe àwọn jari bola tó ń ra irin àlòkù. Nu kábúrétọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ya fọ́tò nọ́ńbà kékeré yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìpẹtà tó jẹ ẹ́.