Ẹni Tí Ń Tọ́jú Aláìsàn Náà Nílò Ìtọ́jú

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ẹnì kan wà tí kì í ṣe dókítà, tí kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tí ó ń jí lóru láti yí ìyá tí ẹ̀gbà dá sílẹ̀ padà lórí ibùsùn. Òun ni í wẹ̀ ẹ́, òun ni í fún un ní oúnjẹ àti oògùn. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Gbogbo ẹbí a máa béèrè àlàáfíà aláìsàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè tirẹ̀.

Ewu wà nínú èyí. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún oṣù púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru, inú a máa tètè bí i, a sì máa gbàgbé àkókò oògùn. Nígbà mìíràn yóò jágbe mọ́ aláìsàn, lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá lọ sunkún. Èyí kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Ẹrù ni ó ti wúwo jù.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ó ṣètò kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan kan ó kéré tán sì bá olúkúlùkù wá láti máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Ìbátan náà kò dá wà: ilé ìwòsàn kò jìnnà, àwọn ará abúlé sì yí i ká.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Alímòṣọ́. Ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2006, ayálégbé tí ẹbí wọn wà ní ìlú mìíràn sì pọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀, àfi kí olùtọ́jú pe ìrànlọ́wọ́ kí ó tó dé.

Bí ó bá kàn sọ fún àbúrò rẹ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, àdúrà ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, “Wá sun ti Màmá ní alẹ́ Sátidé,” àbúrò náà yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè máa san owó alágbàfọ̀. Òtítọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni yóò máa fún un mu. Àwọn ìyá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù pẹ̀lú lè jókòó ti aláìsàn fún wákàtí méjì.

Nígbà tí ó bá gbé aláìsàn lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímòṣọ́ ní Ìgándò, kí ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ òun bí a ti ń gbé aláìsàn dìde láìṣe ẹ̀yìn ara ẹni léṣe, kí ó sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ náà. Bí ìbànújẹ́ kò bá lọ, tàbí bí ó bá ń rò ó pé ikú sàn ju ayé lọ, kí ó má ṣe fi bò. Kí ó sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíràn sì dúró ti aláìsàn títí yóò fi dé.